Ife Tí Butti Kò Mu

Dalmuk ti ń gún kọfí láti ìgbà tí wọ́n ti kírun àsárì tán, òógùn sì ti mú kí ẹ̀yìn aṣọ funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ààrò nínú gbọ̀ngán àlejò baba rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há odó idẹ náà mọ́ kó má baà sá kiri. Ó ń gbé ọmọ odó sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a sì fi kan etí odó kó lè dún gooro, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré.

Ó wo inú odó. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kọfí gígún mọ́. Ó ti kúnná bíi tìróò.

"Bàbá, ó ti tó."

"Kò tíì tó," ni Ṣéèkì Ghanim dáhùn láti orí ìrọ̀rí tó fẹ̀yìn tì. "Máa gún un."

"Bí mo bá sè é báyìí, ẹrẹ̀ ni yóò dà."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ní kọfí ni àbí èmi ni mo kọ́ ọ? Gún un, ọmọ yìí."

Dalmuk gún un.

Ṣéèkì Ghanim ni àbúrò ọba tó ń jẹ ní Khor Sidra. Kì í parọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá sọ fún àwọn àlejò pé kọfí ti tán nílé, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ghanim kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní kí wọ́n máa gún un.

Àwọn àlejò náà jẹ́ mẹ́ta, wọ́n jókòó ní ìlà kan ní iwájú rẹ̀. Butti, balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa tí Dalmuk wà nínú rẹ̀, ló wà láàárín. Ọmọ apẹja ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún bí ó bá dìde. Ní ọ̀tún rẹ̀ ni Bouazza wà, ará Morocco tí í ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ náà. Ní òsì rẹ̀ ni Huwaydin, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń gbá ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ òdìkejì odò, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè ronú pé yóò bá Butti jókòó sórí ẹní kan náà láé.

Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó gbé wọn wá. Ẹgbẹ́ kan ní Tunis ti wo eré Dalmuk nínú fídíò. Wọ́n ní kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn fún sáà kan, kí ó sì máa gba owó oṣù bí gbogbo ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Òru ọjọ́ náà ni bàálù yóò gbé e. Pápá bàálù jìnnà, ó wà ní ìlú ńlá, ẹni tí kò bá sì tíì kúrò ní Khor Sidra kí oòrùn tó wọ̀ kò lè bá a. Àpò Dalmuk ti wà nínú jíìpù kóòṣì. Baba rẹ̀ nìkan ni kò tíì yọ̀ǹda. Ọmọ ilé Ghudayyir, ìdílé ọba wa, kì í sì í rìnrìn àjò láìgba àṣẹ baba rẹ̀.

Dalmuk fúnra rẹ̀ kò lè bẹ̀bẹ̀. Ọmọ kì í bẹ baba rẹ̀ lójú àlejò, nígbà tí ó sì bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, Ghanim dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ fún un nìyí. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá kó tó mu kọfí, àlejò náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá wúwo yóò gba ife, yóò gbé e sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kò ní fi kan ẹnu. Ìgbà náà ni onílé yóò bi í ní ohun tó fẹ́. Ìtìjú ńlá ni fún onílé bí kọfí rẹ̀ bá tutù níwájú àlejò. Ife kan ṣoṣo ti parí ìjà tí ìbọn kò parí.

Bí kò bá sí kọfí, kò sí ife. Bí kò bá sí ife, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ghanim fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa gún kọfí títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Bouazza tẹ̀ sí etí Butti. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń gún kọfí pẹ́ tó níbí nìyí?"

"Dákẹ́, kóòṣì. Ogun ni à ń jà."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Má mu nǹkan kan. Má sọ nǹkan kan. Bí mo bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí o rẹ́rìn-ín músẹ́."

Ohun kan wà tí Ghanim kò rántí. Ó ti pẹ́ tí odó ti dún kẹ́yìn nínú ilé náà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ kọfí ní ilé ìdáná, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi kúnná. Nítorí pé ẹ̀rọ yára jù ni Ghanim fi ní kí wọ́n gbé odó baba òun jáde. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ohùn odó ni wọ́n fi ń pe àdúgbò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé kọfí wà, pé ilẹ̀kùn ṣí, pé wọn kò ní bi òun pé kí ló wá ṣe.

Salmin, àgbà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ló kọ́kọ́ yọjú. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Sàláàmù aleekun! Mo gbọ́ odó!"

"Wa aleekun sàláàmù," ni Ghanim wí. Kí ni ì bá tún wí?

"Ta ló fẹ́ gbéyàwó?"

"Kò sí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, Salmin. Jókòó."

"Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú."

"Ọlọ́run ṣeun. Kí wá ni odó ń wí?"

Salmin jókòó, ó wo Butti, ó wo Huwaydin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Butti, ó sì ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ní í dìde láìpẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń ta àwọ̀n wọlé. Lẹ́yìn wọn ni lèmọ́mù, tó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Àwọn apẹja mẹ́rin dé, òórùn iyọ̀ sì bá wọn wọlé. Olúkúlùkù ló ń béèrè ta ló fẹ́ gbéyàwó. Bí Dalmuk bá dẹwọ́, baba rẹ̀ a ní kó máa gún un. Bí ó bá sì tún gún un, ẹlòmíràn a wọlé. Gbọ̀ngán kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ghanim rí i wàyí pé ọwọ́ ara òun ni òun fi ń pe àwọn ẹlẹ́rìí wá. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá kan lu ilẹ̀kùn inú kíkankíkan. Ìyá rẹ̀ ni, Ṣéékà Maitha, láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

"Ghanim! Ṣé òkúta lẹ̀ ń fọ́ ni?"

"Kọfí ni, Ìyá."

"Kọfí wo ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀? Baba rẹ kò jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ àlejò rí. Ẹ fún àwọn ènìyàn ní kọfí kí n tó jáde wá fún wọn fúnra mi!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ghanim nu ojú.

"Dalmuk," ó ní. "Sè é."

Ó sè é. Ó da èso hẹ́ẹ̀lì tí a ti fọ́ sí i, òórùn dídùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ó dúró dè é kí ó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀ kì í rọlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé kẹ́tùlù idẹ, ó fi ọ̀tún mú àwọn ife, ó tẹ̀ba. Ọ̀dọ̀ Butti ló kọ́kọ́ lọ, nítorí òun ni olórí àwọn àlejò. Ó bu díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife, ó nà án sí i.

Butti gbà á. Ó dúpẹ́. Ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní níwájú orúnkún rẹ̀.

Dalmuk bu fún kóòṣì, fún Huwaydin, àti fún Salmin tó jókòó tẹ̀ lé wọn. Bouazza ti gbé tirẹ̀ dé ètè. Butti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kóòṣì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú. Huwaydin ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mo ti mu tèmi o," ni Salmin wí nígbà tó yá. "Ẹ má bínú. N kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀."

"Kò kàn ọ́, Salmin."

"Ó ti wà nínú eyín mi báyìí, Ghanim. Iyanrìn rẹ̀ pọ̀."

"Mo ní kò kàn ọ́!" Ghanim yíjú sí Butti. "Mu kọfí rẹ, Butti."

"Kọfí ilé yín kò ní àbùkù, Ẹlẹ́mìí-gígùn," ni Butti wí, bí a ti ń pe àwọn ọmọ ọba. "Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀."

"Sọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo ní kí o sọ ọ́. Ìwọ lo gbé ife sílẹ̀."

Butti tún orúnkún rẹ̀ ṣe. "A fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí Dalmuk lọ sí Tunis, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù bí iṣẹ́."

"Mo gbọ́." Ghanim wo gbogbo ìjókòó. "Ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Mo ń gbọ́ rédíò. Wọ́n á ní, 'Ẹgbẹ́ báyìí ti ta lágbájá fún ẹgbẹ́ tọ̀hún.' Bíi ràkúnmí. Lọ́la, bí ẹni tí wọ́n ń lé kiri bá sá wọ ilé wa, bí ó bá di etí aṣọ ọmọ mi mú, tó ní, 'Mo sá di ọ́,' ta ni yóò dáàbò bò ó? Ṣé kí ọmọ mi kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni?"

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá sá wọ ilé Ghudayyir, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ohun tó sọ wọ́n di ọba nìyẹn, kí a tó mọ̀ wọ́n mọ́ epo rọ̀bì.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yá, Ẹlẹ́mìí-gígùn," ni Butti wí. "Wọn kò yá ahọ́n rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi kì í wá ṣe ara ọmọ mi mọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Butti náà rẹ́rìn-ín, ó sì hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀. Oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé ìwọ̀-oòrùn wọlé. Dalmuk dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Huwaydin wá sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tó ti dé.

"Ẹlẹ́mìí-gígùn, ẹ rántí àgùntàn kan?"

"Àgùntàn wo?"

"Ti ọdún tó kọjá. Onírun dúdú."

"Èyí tí baba rẹ fi ta mí lọ́rẹ? Mo rántí rẹ̀. Àgùntàn tó dára ni."

"Kì í ṣe ọrẹ. Mo ta Dalmuk lẹ́sẹ̀ ní pápá. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo bá. Ó ṣubú, ó dìde, kò bínú. Ṣùgbọ́n kí n tó délé, baba mi ti gbọ́. Ó ní, 'O gbé ọmọ Ghudayyir ṣubú lójú gbogbo ayé? Ṣé o fẹ́ kí a kó kúrò nílùú ni?' Kò jẹ́ kí n bọ́ aṣọ eré. Ó gbé àgùntàn lé mi lọ́rùn, ó ní kí n máa tẹ̀lé òun bọ̀ níbí. Ẹranko náà tọ̀ sí mi lára láti etí odò títí dé ẹnu ọ̀nà yín."

Ghanim wò ó. "Ẹ̀bẹ̀ ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni."

"Mo jẹ ẹ́."

"Èmi náà jẹ níbẹ̀," ni Salmin wí. "Ọ̀rá rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́."

"Láti ọjọ́ náà," ni Huwaydin ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "bí mo bá rí Dalmuk tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, àgùntàn ni mo ń rí."

Ẹ̀rín bú gbàmù. Àwọn apẹja ń lu itan ara wọn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn inú pàápàá, a gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin. Huwaydin kò rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo àwa tí à ń gbá ẹ̀yìn ni. À ń sáré tẹ̀ lé e, à ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, a kì í gbà á. Ó gbá góòlù mọ́kànlá sáà tó kọjá. N kò mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn."

Ẹ̀rín kú. Àwọn kan yí ojú kúrò lára Dalmuk. Ó ti fura sí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì sọ ọ́ sókè rí, ká má tíì sọ lójú gbogbo ìlú. Etí rẹ̀ pọ́n.

Ghanim jókòó dáadáa. Ohun kan ti yí padà lójú rẹ̀. Ó wò bí ẹni tí wọ́n gbé àpótí títì síwájú rẹ̀, tó sì ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú.

"Kóòṣì. O ti ń kọ́ ọmọ yìí bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá?"

Bouazza wo Butti. Butti kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dára, Ṣéèkì. Ó ń rí àlàfo kó tó ṣí. Nígbà tí ó bá rẹ àwọn yòókù, kì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bóyá ó lè gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn tó bá fẹ́ gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tòótọ́, n kò mọ̀."

"O kò mọ̀? Iṣẹ́ rẹ kọ́?"

"Ta ni ì bá fi hàn mí? Àwọn tí yóò fi hàn mí, ẹ ti jẹ àgùntàn wọn."

Ẹnikẹ́ni kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Ghanim rí. Lèmọ́mù tilẹ̀ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ghanim wo àjèjì náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ń kọ́? O mọ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ nìyẹn."

"Bí wọ́n bá ń ta ọ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, tí o wá rí i pé o kò já mọ́ nǹkan kan?"

"N ó ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Kò bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ó bà mí lẹ́rù."

"Ṣùgbọ́n o fẹ́ mọ̀."

"Mo fẹ́ mọ̀."

Ghanim fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ife mẹ́ta tó ń tutù lórí ẹní.

"Kí ó dà bí ohun tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà, n kò fẹ́ràn rẹ̀," ó ní. "N kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìlú máa fi ọmọ mi ṣeré, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un nítorí mi, ìyẹn burú jù. Ẹni tí wọ́n rà, ó kéré tán, wọ́n díye lé e." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà fẹ́ mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ mọ̀. Lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ ilé tí o ti wá níbẹ̀."

"Bí wọ́n bá bi mí ń kọ́?"

"Sọ fún wọn pé ọmọ Ghanim ni ọ́. Ghanim pọ̀ láyé. N kò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nítorí rẹ. Ẹni tó bá ta ọ́ lẹ́sẹ̀, kí àgùntàn rẹ̀ wà nílé rẹ̀. Butti, mu kọfí rẹ."

Butti gbé ife, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó dára?" ni Ghanim bi í.

"Ẹlẹ́mìí-gígùn, ẹ ti gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ má tún mú kí n parọ́."

Wọ́n ń kí Ghanim, wọ́n ń kí Butti, ìyá Ghanim ń lu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá. Bouazza ti dìde, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Dalmuk, ó yá."

Dalmuk kò lọ. Ẹni tó bá gbé kẹ́tùlù kì í gbé e sílẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi gbọn ife rẹ̀, láti fi hàn pé ó tó òun. Yàrá náà kún fún ènìyàn, gbogbo wọn ló sì ti ń dúró de kọfí láti ìgbà tí odó ti ń dún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ó bu fún lèmọ́mù. Ó bu fún àwọn apẹja. Kò yára, kò fi falẹ̀, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀.

"Ẹ gbọn ife yín, ẹ̀yin ènìyàn!" ni Butti ń sọ. "Bàálù kì í dúró de ẹni tó ń mu kọfí!"

"Jẹ́ kí n mu ẹ̀kejì," ni Salmin wí.

"Bàbá Salmin, ẹ ní iyanrìn ló wà nínú rẹ̀!"

"Iyanrìn ọ̀fẹ́ ni."

Dalmuk bu ẹ̀kejì fún Salmin. Ó bu ẹ̀kẹta fún un. Huwaydin gbọn tirẹ̀ kí wọ́n tó bu ẹ̀kejì, ó sì wo Dalmuk lójú. "Nígbà tí o bá padà dé," ó ní, "n ó ta ọ́ lẹ́sẹ̀ dáadáa."

"Ṣe bẹ́ẹ̀," ni Dalmuk wí.

Nígbà tí Salmin gbọn ife rẹ̀ níkẹyìn, ìtànṣán oòrùn ti dé ìdajì ògiri, ṣùgbọ́n oòrùn kò tíì wọ̀. Dalmuk kó àwọn ife jọ, ó fọ̀ wọ́n nínú agbada omi, ó dojú wọn dé lórí aṣọ mímọ́. Ó da ìdọ̀tí kọfí nù. Ó fi eérú bo iná. Ó fọwọ́ nu odó, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ó lọ sí iwájú baba rẹ̀, ó tẹ̀ba, ó fi imú kan imú rẹ̀ bí a ti ń dágbére nílùú wa. Ghanim di èjìká rẹ̀ mú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó yà sí ẹnu ilẹ̀kùn inú, ọwọ́ ìyá baba rẹ̀ yọ láti àlàfo, ó fi ẹnu kò ó. Bouazza ti wà nídìí ọkọ̀, jíìpù ń kùn lójú títì. Dalmuk wọ bàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ.